Alága Ẹgbẹ́ Akàwé-Ìròyìn-Lọ́fẹ̀ẹ́

Ohun àkọ́kọ́ tó já mi láyà ní Dallas kì í ṣe ooru, kì í sì í ṣe fíríwéè tí ọkọ̀ ń sá lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìwé ìròyìn ni. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo dé Carrollton, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, mo jáde láàárọ̀ láti lọ mọ àdúgbò, ni mo bá rí ìwé ìròyìn nínú ọ̀rá lórí koríko iwájú ilé kan. Mo wo ilé kejì, òun náà wà níbẹ̀. Níwájú ilé tó tẹ̀ lé e, ti àná àti ti òní jọ sùn síbẹ̀, ìrì ti sẹ̀ sí wọn lára, ajá kan sì ń gbé ẹsẹ̀ sókè sí ọ̀kan nínú wọn. Mo dúró sójú títì, mo figbe ta: "Yéè! Ta ló ṣe irú èyí?"

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá mọ ilé tí mo ti wá á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí èèyàn ń kígbe sí. Bàbá mi ni gbogbo Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ń pè ní Alága, torí pé àwọn ni olórí àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ nídìí tábìlì Múfú oníwèé ìròyìn. Kí Múfú tó gba tábìlì náà, bàbá rẹ̀ ló ni ín, Bàámi sì ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá rẹ̀. Wọn á wẹ̀, wọn á dé fìlà, wọn á fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọn á wá dúró ka iwájú gbogbo ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Àwọn bàbá bíi tiwọn á ti pé jọ. Wọn á ka àwọn àkọlé gàdàgbà gàdàgbà, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn títí oòrùn á fi lé wọn lọ sílé. Múfú ò lè lé wọn, ariwo wọn ló ń pe àwọn tí ń rà wá.

Ẹgbẹ́ náà lófin. Ojú lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ kọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìwé ti rà á nìyẹn. Bàámi kò fọwọ́ kan ọ̀kan rí láyé wọn. Wọ́n ní kò sídìí ẹ̀: "Ohun tó bá ṣe pàtàkì, iwájú ni wọ́n ń gbé e sí. Èyí tó wà nínú, àfikún lásán ni."

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Bàámi á mú mi dúró síwájú tábìlì kí wọ́n tó mú mi lọ síléèwé, èmi á máa pe àwọn lẹ́tà ńláńlá yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àgbàlagbà kan bá wá dúró síwájú mi, màá di ojú pọ̀, màá ya ẹnu gbàgà, màá sì ké pé, "Ẹ má dí mi lójú!" Àwọn àgbà á bú sẹ́rìn-ín, wọn á sì yà fún mi. Bàámi kò bá mi wí lórí ìyẹn rí. Wọ́n ní ọmọ tí kò jẹ́ kí wọ́n dí òun lójú kò lè sọnù láyé.

Nítorí náà, nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ koríko fún wọn lórí fóònù, kò yé wọn rárá.

"Orí koríko? Ta ló jù ú síbẹ̀?"

"Àwọn tó ń pín in ni, sà. Wọ́n á máa wakọ̀ kọjá, wọ́n á máa jù ú."

"Àwọn tó ni ín ńkọ́?"

"Wọ́n ń sùn."

"Ọmọ mi, máa ṣọ́ra níbẹ̀ o. Àwọn èèyàn yẹn ò mọyì nǹkan."

Iṣẹ́ tí mo rí wà ní Lewisville nítòsí ibẹ̀, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tó tóbi débi pé ẹyẹ ń fò nínú rẹ̀ láì mọ̀ pé inú ilé lòun wà. Èmi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílé ẹ̀kọ́ girama, téèpù ni mo ń lẹ̀ mọ́ páálí bàtà látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yìn ń ro mí, àmọ́ ẹ̀yìn ríro kọ́ ni wàhálà mi. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Nílé, bí èèyàn mẹ́ta bá dúró síbì kan, ọ̀rọ̀ á ṣẹ́ yọ. Níhìn-ín, gbogbo wa á jọ ṣiṣẹ́ lójú kan, oníkálukú á ki nǹkan bọ etí, a ó sì túká láì mọ orúkọ ara wa.

Ilé epo kan wà lójú ọ̀nà mi. Nínú ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ni mo ti rí pẹpẹ ìwé ìròyìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń po kọfí. Inú mi dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé. Mo fi ọwọ́ sẹ́yìn bíi ti Bàámi, mo na ọrùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò pẹ́ tí mo kan ọ̀rọ̀ olóṣèlú kan tó ń yin ara rẹ̀, ni mo bá pòṣé, mo yíjú sí òyìnbó arúgbó kan tó ń po kọfí rẹ̀, mo ní, "Ẹ ò wá rí irọ́ funfun báláú!"

Ohun tó yẹ kó dáhùn ni pé, "Ta ní ń parọ́? Ìwọ lò ń parọ́!" kí nǹkan sì bẹ̀rẹ̀. Arúgbó náà wò mí, ó wo ìwé ìròyìn, ó gbé kọfí rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo rí i lójú fèrèsé bó ṣe wọ ọkọ̀ tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Oníṣọ́ọ̀bù, bàbá kan tó wá láti Nepal, ní, "Màdáàmù, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?"

"Mo ń kà á ni."

"Mo ti rí i pé ẹ̀ ń kà á."

Mo jáde pẹ̀lú ìtìjú. Mo lè fara da kí wọ́n bú mi. Àmọ́ kí èèyàn pe ìjà kí ẹnikẹ́ni má jẹ́, ó burú. Ní Dallas, gbogbo èèyàn ló ń kí ọ pé kí ọjọ́ rẹ dára. Èèyàn lè gbé ibẹ̀ fún ọdún gbáko kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé irọ́ ló ń pa. Lọ́dọ̀ tèmi, ibi tí wọ́n ti ń pè ọ́ lópùrọ́ tí wọ́n sì tún sún fún ọ kí o jókòó, ibẹ̀ nilé.

Nígbà tó yá, àrùn kòrónà dé. Gbogbo ayé tilẹ̀kùn, àmọ́ wọ́n ní iṣẹ́ tiwa ṣe pàtàkì, torí náà à ń lọ. Páálí bàtà di páálí ìbòmú. Ní ilé epo, ìwé ìròyìn méjì máa ń kọjú síra wọn lórí pẹpẹ bí orogún. Ti ọ̀tún gbé nọ́ọ̀sì tó ń sunkún síwájú, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: WỌ́N Ń KÚ, ÌJỌBA Ń SÙN. Ti òsì gbé ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa, ó kọ tirẹ̀ pé: ÀÌSÀN LÓ Ń PA WÁ NI, ÀBÍ ÌJỌBA? Ìlú kan náà, àrùn kan náà, àárọ̀ kan náà. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kan á mú ti ọ̀tún, ẹni tó bá wà lẹ́yìn èkejì á mú ti òsì. Ìbòmú pàápàá di káàdì ẹgbẹ́. Kí èèyàn tó lanu, ohun tó fi bo ẹnu tàbí tí kò fi bò ó ti sọ ẹni tó máa dìbò fún.

Lọ́jọ́ kan tí mo na ọrùn níwájú pẹpẹ, ohùn kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Irọ́ ni gbogbo èyí tí o ń kà yẹn."

Mo yíjú. Arúgbó ọjọ́sí ni! Ara mi yá gágá.

"Ta ní ń parọ́?" ni mo wí. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń parọ́!"

Orúkọ rẹ̀ ni Walter. Ẹ̀rọ amúlétutù ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn. Àṣé ìdákẹ́jẹ́ ń pa òun náà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń lọ síbi iṣẹ́, èmi á dúró lórí àmì kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pé kí a jìnnà síra, òun á dúró lórí èkejì, a ó sì máa jiyàn láti abẹ́ ìbòmú. Ìwé òsì ló gbà gbọ́. Mo ní òpùrọ́ ni wọ́n, ó ní tèmi burú jù. Oníṣọ́ọ̀bù di adájọ́ wa. Kò sẹ́ni tó ra nǹkan kan.

Bàámi máa ń pè mí bí wọ́n bá ti kúrò nídìí tábìlì Múfú. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn, àárọ̀ kùtù ni lọ́dọ̀ mi.

"Ṣé o wà láàyè?"

"Mo wà, sà. Mo ń jẹ búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì kẹ̀? Wọ́n ní oúnjẹ ti tán ní Amẹ́ríkà."

"Kò tán, sà."

"Wọ́n ní ẹ̀ ń jà nítorí bébà ìnùdí."

"Ìyẹn jóòótọ́, sà."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Mo sọ fún ọ pé iwájú ìwé ìròyìn kì í parọ́!"

Ẹ̀rín yẹn dá lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún mi pé Bàbá Téélọ̀ ti kú. Bàbá Téélọ̀ ló máa ń dúró lápá ọ̀tún Bàámi nídìí tábìlì, tó sì máa ń ta ko gbogbo ohun tí Bàámi bá sọ. Ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀, kò pé ọ̀sẹ̀ kan. "Mo wá a níwájú ìwé ìròyìn," ni Bàámi wí. "Gbogbo wọn ni mo wò. Wọn ò gbé e." Mi ò gbọ́ kí ohùn wọn kéré bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀rù wá bà mí tọkàntọkàn. Bàámi ní ikọ́ fée láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Ìyá mi ti kú, èmi nìkan sì ni ọmọ. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n, ojú fóònù ni màá ti wo ìsìnkú bàbá mi. Mo máa ń sunkún lórí páálí, màá sì fi téèpù lé e. Torí náà, nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé Ìbàdàn, mo kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run nínú kíṣíìnì mi, mo sì pè wọ́n kíá.

"Abẹ́rẹ́ wo?" ni Bàámi wí. "Ṣé o ò rí ohun tí wọ́n gbé síwájú ni? ABẸ́RẸ́ KÒRÓNÀ: ṢÉ WỌ́N FẸ́ PA WÁ TÁN NI?"

"Wọ́n kàn béèrè ni, sà. Wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹni tó bá béèrè ti mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ka inú rẹ̀."

"Inú rẹ̀ kẹ̀? Mo rà á ni?"

"Ẹ rà á nígbà náà!"

"Kí n rà á?" Bí mo ní kí wọ́n jí ewúrẹ́, ohùn wọn ò lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Èmi, Alága?"

Mo bẹ̀ wọ́n, mo bínú, mo sunkún. Mo fi fọ́tò àwọn dókítà ránṣẹ́. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè wọ aṣọ funfun. Mo ní kí pásítọ̀ wa bá wọn sọ̀rọ̀. Bàámi gbàdúrà fún pásítọ̀ títí pásítọ̀ fi gbàgbé ohun tó torí ẹ̀ pè. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún ni ọkàn mi ń já, bóyá ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjọ wa ní Carrollton wà nínú ilé kan tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀, tí a ń pè ní Màmá Ìjọ, jẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ṣètò pé kí wọ́n wá gún wa lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday. Akọ̀ròyìn kan tó ń ta fọ́tò fún oríṣiríṣi ìwé ìròyìn wá pẹ̀lú kámẹ́rà. A tò bí ọmọléèwé. Ó kàn mí, nọ́ọ̀sì ti abẹ́rẹ́ bọ̀ mí lápá, ìgbà yẹn gan-an ni mo rí Díákónì kan tó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri bọ̀ níwájú ìlà, ó ń kó agbádá jọ mọ́ra bí ẹni pé agbádá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí. Mo di ojú pọ̀, mo ya ẹnu gbàgà, mo ké: "Sà! Ẹ padà sẹ́yìn! A ti rí yín!"

Kámẹ́rà bù yẹ̀rì.

Díákónì ní òun kàn fẹ́ wò ó bóyá omi wà fún àwọn nọ́ọ̀sì ni. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín dé èrìgì. Kámẹ́rà tún bù yẹ̀rì. Akọ̀ròyìn wá bi mí bó ṣe rí. Mo ní ó dára, ẹnikẹ́ni ò fi tipá mú mi, ohun tó kù tí mo ń fẹ́ láyé ni kí bàbá mi nílé náà lọ gbà á, torí pé àwọn nìkan ni mo ní.

Kò pẹ́ sígbà náà, bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù ilé epo, Walter ń dúró dè mí, ojú rẹ̀ ń tàn. Ó nawọ́ sí pẹpẹ. Olúwa mi! Èmi ni mo wà lọ́tùn-ún, èmi náà ni mo wà lósì. Ìwé ọ̀tún gbé ẹ̀rín mi: ÌJỌ GBA ABẸ́RẸ́ TAYỌ̀TAYỌ̀. Ìwé òsì gbé igbe mi: TIPÁTIPÁ, NÍNÚ ILÉ ỌLỌ́RUN?

"Èwo nínú wọn ni ìwọ?" ni Walter wí.

"Èmi ni méjèèjì. Díákónì kan ni mo ń lé padà sẹ́yìn!"

Mo ṣàlàyé. Walter rẹ́rìn-ín títí ìbòmú rẹ̀ fi já bọ́. Lẹ́yìn náà ló wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ohùn kélé sọ pé òun náà ti gba abẹ́rẹ́ tipẹ́, àmọ́ kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn ọ̀rẹ́ òun ò ní gbà á lára òun. Oníṣọ́ọ̀bù yọjú. "Màdáàmù," ló wí, "lónìí, ẹ kà á títí ó máa fi tó yín."

Mo dúró síbẹ̀, mo wo ojú ara mi. Apá kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, wọ́n sì ti fi mí ṣe ọmọ ẹgbẹ́ méjì. Èmi àjèjì tí mi ò tíì lè dìbò! Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì bí mi nínú. Mo wá ń ronú nípa nọ́ọ̀sì tó ń sunkún yẹn àti ọkùnrin iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ta ló mọ ohun tó ń ṣe wọ́n lọ́jọ́ náà?

Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà, Bàámi kò pè. Mo jẹ búrẹ́dì tán, fóònù ò dún. Mo pè wọ́n, wọ́n ti pa fóònù. Mo pe Múfú.

"Àǹtí!" ni Múfú ké. "Ẹ ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká o! Ẹ wà níwájú ìwé ìròyìn!"

"Èwo nínú àwọn fọ́tò náà?"

"Èyí tí ẹ ti ń ké. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: AMẸ́RÍKÀ Ń FI TIPÁ GÚN ỌMỌ NÀÌJÍRÍÀ!"

"Bàámi ńkọ́? Ṣé wọ́n rí i?"

"Wọ́n dé láàárọ̀ bí ìṣe wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n bá àwọn bàbá yòókù sọ nǹkan kan, mi ò gbọ́ ọ, mo ń ta ọjà. Àfi bí wọ́n ṣe fọwọ́ kàn án, Àǹtí."

"Wọ́n fọwọ́ kàn án?"

"Wọ́n ní kí n kó gbogbo èyí tó kù fún wọn. Gbogbo ìdì náà. Wọ́n rà á tán. Àwọn bàbá mìíràn yanu sílẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣíìnì. Mo ní ó ti parí. Wọ́n ti lọ dáná sun ún, ìbànújẹ́ á ti gbà wọ́n lọ́kàn, kò sí ẹ̀dá tó máa lè sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ létí wọn mọ́ láé. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo ń lẹ téèpù mọ́ ọwọ́ ara mi.

Ìgbà tí a jáde lọ jẹun ọ̀sán ni fóònù dún. Bàámi ni.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹnikẹ́ni ò fi tipá..."

"Gbẹ́nu dákẹ́. Ṣé o rò pé mi ò mọ ojú ọmọ mi ni? Láti ìgbà tí o ò tíì ga tó tábìlì ni mo ti mọ ojú yẹn. Mo sọ fún wọn níbẹ̀, mo ní, 'Abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń dun eléyìí. Ẹnì kan ló dí i lójú.' Ta ni?"

"Díákónì kan ni, sà. Ó fẹ́ gba iwájú mi."

"Ẹ ò rí nǹkan!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́, ikọ́ náà sì rọlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yàtọ̀. "Mo wá rò ó. Bí wọ́n bá lè fi ojú ọmọ tèmi pa irú irọ́ yìí, irọ́ wo ni wọ́n ti ń fi ojú ọmọ ọlọ́mọ pa fún mi láti ọjọ́ yìí wá? Mo ti rà á, ó di dandan kí n kà á dé inú. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó ọṣẹ, ni mo ti rí i pé o ní èmi nìkan lo ní láyé."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"O ò kúkú sọ ọ́ fún mi."

"Mo sọ ọ́, sà. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́."

"O ò gbé e síwájú ni."

Mo ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ sínú oúnjẹ mi. Bàámi ní àwọn ti gba abẹ́rẹ́ náà. Láti ìdí tábìlì Múfú ni wọ́n ti gba ilé ìwòsàn ìjọba lọ, àwọn àti àwọn bàbá tó kù nínú ẹgbẹ́, wọ́n tò látàárọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pa fóònù kí iná rẹ̀ má bàa tán. Apá ń dùn wọ́n. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì náà ò ní sùúrù.

Mo nu imú mi. "Bàámi, ẹyọ kan ì bá tó yín. Kí lẹ kó gbogbo ìdì fún?"

"Ìwọ náà rò ó wò," ni Alága wí. "Kí n fi ọmọ mi sílẹ̀ sórí tábìlì Múfú, kí àwọn aláìríṣẹ́ yẹn wá fọwọ́ sẹ́yìn, kí wọ́n máa kà á lọ́fẹ̀ẹ́?"